Ẹsẹ̀ Òsì Bàálù Yín

Bàbá mi àtàtà,

Mo ti rí ohun tó ń ṣe ẹsẹ̀ òsì. Mo mọ̀ pé ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ bi mí nìyẹn, òun ni mo ṣe fi ṣáájú ìkíni. Ẹ má bínú. Ara gbogbo wa le. Màmá ń jẹun dáadáa, orúnkún nìkan ló máa ń yọ wọ́n lẹ́nu tí òjò bá ṣú. Ilé gaàrí mi ò sinmi láti ìgbà ọdún àwẹ̀. Ọmọ mi obìnrin ti wọ pólì ní Èrúwà, ó sì ti ga jù mí lọ. Tí ẹ bá rí i báyìí, ẹ máa ní kó bá yín mú nǹkan lórí àjà láìgun àpótí.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n ro ọ̀rọ̀ yìí láti ìbẹ̀rẹ̀, torí ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ òsì yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ irin nìkan. Ọ̀rọ̀ Bàbá Mùlíkà, ọ̀rẹ́ yín, wà nínú ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tèmi náà wà níbẹ̀.

Odidi ọdún kan lẹ́yìn tí ẹ lọ, mi ò dé ilé páànù tí ẹ ti ń kan bàálù. Tí mo bá gun ọ̀kadà gba ọ̀nà Ìdèrè lọ ra ẹ̀gẹ́, màá kọjú sí apá kejì títí a ó fi kọjá àwọn igi kaṣú yín. Nígbà tó di ọdún kejì, Bọ̀dá Kàmọ́rù pè mí láti Ìbàdàn pé ó tó gẹ́ẹ́. Wọ́n ní òrùlé ibẹ̀ ti ń jò. Wọ́n ní bàálù tí ẹ fi ọdún mọ́kànlá kàn lẹ́yìn tí ẹ fẹ̀yìn tì níbi tí ẹ ti ń tún ti ẹlòmíràn ṣe l'Ékòó, kò ní fò láé, ká pe àwọn tó ń ra irin àlòkù kí wọ́n wá gé e. Wọ́n ní gbogbo ìgbà tí àwọn bá wálé ni Màmá ń wo apá ọ̀nà Ìdèrè. Kì í ṣe ìkà ni wọ́n fi sọ ọ́. Mo gbọ́ ọ lóhùn wọn lórí fóònù. Mo ní kí wọ́n ṣe sùúrù kí n kọ́kọ́ lọ kó irinṣẹ́ yín jáde.

Bí mo ṣe débẹ̀ nìyẹn, ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan. Bàálù náà ṣì wà bí ẹ ṣe fi í sílẹ̀, igi mẹ́ta gbé e ró, táyà ẹ̀ ò kanlẹ̀. Aláǹgbá ti yé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì. Ẹ̀wù iṣẹ́ yín wà lórí ìṣó, agolo mílíìkì tí ẹ máa ń ka nọ́ọ̀tì sí wà lábẹ́ ẹ̀. Mo bá nọ́ọ̀tì méje níbẹ̀ tí mi ò mọ ibi tí ẹ ti tú wọn. Mo rántí bí ẹ ṣe máa ń fẹ́ atẹ́gùn sí sípánà kí ẹ tó nà án sí èèyàn, bí ẹni pé ó gbóná. Mo rántí pé ẹ ò jẹ́ tú nọ́ọ̀tì àkọ́kọ́ lójúmọ́ láìpe Bísímílàhì, àti pé tí ó bá ti di agogo méjì ọ̀sán, kò sí iṣẹ́ tí ẹ ò ní pa tì nítorí gaàrí tútù àti ẹ̀pà.

Mo kó irinṣẹ́ dé ìdajì. Ó wá rẹ̀ mí, mo gun bàálù, mo jókòó sórí àga yín. Mo kàn fẹ́ jókòó ni. Ọwọ́ mi kan ọwọ́ pọ́ǹpù, mo sì fà á.

Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi ní jáàkì. Nígbà tí jáàkì tí mo fi ń tẹ ẹ̀gẹ́ ní ilé gaàrí ń rọlẹ̀ fúnra ẹ̀, ẹ̀yin lẹ tú u sílẹ̀ níwájú mi, tí ẹ fi hàn mí pé rọ́bà inú ẹ̀ ló ti jẹ, tí ọ́ìlì ń gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ sá lọ. Ẹ ní bákan náà ni ẹsẹ̀ bàálù rí: pọ́ǹpù á ti ọ́ìlì, ọ́ìlì á gba inú páìpù lọ ti irin tó wà nínú sílíńdà, irin á gbé ẹsẹ̀. Ìdí nìyẹn tí kò fi bà mí lẹ́rù. Mo rí i pé ọ́ìlì ti lọ sílẹ̀, mo bu sí i látinú kẹ́ẹ̀gì tí ẹ dé pa. Mo tún fa pọ́ǹpù.

Ẹsẹ̀ ọ̀tún ká wọlé bí ẹsẹ̀ adìẹ tó fẹ́ sùn. Òsì ń wọ́ tẹ̀lé e, bí ẹni tó ru ẹrù gun òkè. Ọ̀tún ti délé tipẹ́ kí òsì tó dé. Mo wá yí ọwọ́ pọ́ǹpù sí òdìkejì kí wọ́n lè sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀tún sọ̀ kalẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́. Òsì já bọ́, gbàà! Gbogbo bàálù mì, eruku sì dà lórí páànù.

Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ wò ó. Níbi tí ẹsẹ̀ náà ti máa ń gbá irin tó ń dá a dúró, ojú ibi tí Bàbá Mùlíkà jó pọ̀ ti sán, ó tín-ín-rín bí irun. Ṣọ́ọ̀kì funfun tí ẹ fi yí i po ṣì wà níbẹ̀.

Ojú ibẹ̀ ni mo dúró sí tí mo fi rántí ọjọ́ náà.

Ilé kéwú kan náà lẹ̀yin àti Bàbá Mùlíkà jọ lọ. Nígbà tí ẹ fi máa fẹ̀yìn tì wálé, wọ́n ti di wẹ́dà tí gbogbo Ìdèrè mọ̀. Ọdún mẹ́jọ ni wọ́n fi bá yín jó gbogbo irin bàálù yẹn. Tí a bá ti kírun Jímọ́ọ̀ tán, wọ́n á di ẹ̀rọ ìjórin wọn mọ́ ẹ̀yìn máṣínnì, wọ́n á dé. Abọ́ kan lẹ jọ ń jẹ. Ẹ̀yin lẹ máa ń ka ìwé bàálù fún wọn ní Yorùbá, wọ́n á tẹ́tí, wọ́n á ní ó ti yé àwọn, kí ẹ gbé irin wá.

Lọ́jọ́ tí ẹ rí ibi tó sán, ẹ ò pariwo. Ẹ kàn mú ṣọ́ọ̀kì, ẹ yí i po. Ẹ ní bí wọ́n ṣe jó o ní wíwọ́ ló jẹ́ kí ẹsẹ̀ yẹn máa há tó bá ń lọ sókè, tí ó sì ń já bọ́. Ẹ wá pè mí.

“Lọ sọ fún un pé kó má wá mọ́. Sọ fún un pé iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ ì bá pa mí.”

Iṣẹ́ tí ẹ rán mi nìyẹn. Ṣùgbọ́n Bàbá, ohun tí mi ò sọ fún yín títí ẹ fi lọ rèé. Ọjọ́ ọjà Ìdèrè ni. Iwájú ṣọ́ọ̀bù wọn kún: àwọn awakọ̀ tó gbé irin ìdè tírélà wá, àwọn obìnrin tó gbé agbada gaàrí wá. Ó yẹ kí n pe Bàbá Mùlíkà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó yẹ kí n kúnlẹ̀. Mi ò ṣe ọ̀kankan. Orí ìdúró ni mo wà tí mo fi sọ ọ́ sókè, mo sì fi tèmi kún un. Mo ní kí wọ́n lọ máa jó ìdí ìkòkò, pé bàálù kì í ṣe ẹgbẹ́ wọn. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Bàbá Mùlíkà ṣí dígí dúdú kúrò lójú, wọ́n wò mí, wọ́n sì dá a padà sójú. Nígbà tí mo délé, ẹ bi mí pé kí ni wọ́n sọ, mo ní wọn ò sọ nǹkan kan. Ẹ mi orí. Ó parí síbẹ̀.

Kò parí ní Ìdèrè. Láti ọjọ́ náà ni àwọn ọmọ ọjà ti sọ wọ́n ní Wẹ́dà Ó-já. Àwọn awakọ̀ ò gbé tírélà wá mọ́, wọ́n ní ẹni tí iṣẹ́ ẹ̀ já lára bàálù, ṣé tiwọn ni kò ní já lójú títì? Fèrèsé àti ilẹ̀kùn ló kù fún wọn. Lọ́jọ́ tí a sin yín, mo rí wọn ní ìlà ìkẹyìn nígbà tí a ń kírun sí yín lára. Mo wá wọn lẹ́yìn náà kí n fún wọn lómi, wọ́n ti lọ. Ṣé ẹ rí wọn lọ́jọ́ náà? Mi ò mọ̀ bóyá ẹni tó ti lọ máa ń wẹ̀yìn.

Mi ò kó irinṣẹ́ mọ́ lọ́jọ́ Sátidé yẹn. Mo ní kí ọmọ àbúrò Màmá bá mi dúró ti ilé gaàrí, mo sì ń lọ sílé páànù láràárọ̀.

Mo kọ́kọ́ rò pé atẹ́gùn ló wọ inú ọ́ìlì, torí ó máa ń ṣe jáàkì bẹ́ẹ̀. Mo tú nọ́ọ̀tì kékeré orí páìpù díẹ̀, mo ń fa pọ́ǹpù títí ọ́ìlì tí kò ní ìfófòó fi jáde. Kò yí padà. Mo wá rò pé rọ́bà inú sílíńdà òsì ló jẹ. Mo tú sílíńdà méjèèjì, mo gbé t'òsì sí ọ̀tún, mo gbé t'ọ̀tún sí òsì. Mo ní tó bá jẹ́ inú sílíńdà ni àrùn wà, á bá a lọ sápá kejì. Kò bá a lọ. Òsì ṣì ń wọ́, òsì ṣì ń já bọ́.

Lọ́jọ́ kẹta, mo yọ irin tó so sílíńdà mọ́ ẹsẹ̀ òsì, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbá ẹsẹ̀ náà mú, mo gbé e sókè, mo gbé e sísàlẹ̀. Bàbá, ó ń lọ bí ilẹ̀kùn tí wọ́n fi epo sí. Kò há níbì kan. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Torí tó bá jẹ́ pé wọ́n jó o ní wíwọ́ ni, bí ẹ ṣe wí, ó yẹ kó dá mi lọ́wọ́ dúró níbì kan. Ṣé ẹ gbé e báyìí wò? Àbí bí ẹ ṣe rí ibi tó sán, ẹ ò tún wá nǹkan mìíràn mọ́? Mi ò dá yín lẹ́bi. Mo kàn ń bèèrè ni.

Páìpù ló wá kù. Mo fi ìka tọ̀ ọ́ láti ìdí sílíńdà. Nínú páìpù kọ̀ọ̀kan, idẹ kékeré kan wà, kò ju oríkèé àtàǹpàkò lọ. Mo rántí ọjọ́ tí ẹ gbà á nínú páálí, tí inú yín dùn tí ẹ pè mí wá wò ó. Ẹ ní tí ọ́ìlì bá gba ojú kan wọlé, á kọjá fàà. Tó bá gba ojú kejì, ihò abẹ́rẹ́ ló máa bá. Ẹ ní òun ni yóò jẹ́ kí ẹsẹ̀ tètè gòkè, kó sì rọra sọ̀ kalẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ti fi ọ̀dà yẹ́lò kun gbogbo nǹkan kí ó má baà dípẹtà, idẹ méjèèjì náà sì ti di yẹ́lò. Mo mú ọ̀bẹ tí mo fi ń bẹ ẹ̀gẹ́, mo ha t'ọ̀tún. Àmì ọfà kan yọ lábẹ́ ọ̀dà, kò tóbi ju eèrà lọ. Ó kọjú sí sílíńdà. Mo lọ ha t'òsì.

Ọfà t'òsì kọjú sí pọ́ǹpù.

Ẹ fi í sódì, Bàbá. Ẹ̀yin ni. Ọ́ìlì tó yẹ kó gbé ẹsẹ̀ sókè ń gba ihò abẹ́rẹ́ kọjá, òun ló ń mú un wọ́. Tó bá tó àkókò àtisọ̀ kalẹ̀, ọ̀nà á là gbayawu, ẹsẹ̀ á já bọ́. Gbogbo ìgbà tí ẹ sì ń dán an wò, ó ń gbá ojú ibi tí Bàbá Mùlíkà jó, gbàà, gbàà, títí ó fi sán. Kò sí wẹ́dà tí iṣẹ́ ẹ̀ máa gba irú ìyà bẹ́ẹ̀.

Mo rántí ojú yín lọ́dún náà. Ẹ máa ń na Kùránì jìnnà sójú kí ẹ tó lè kà á. Dígí wà nínú àpò yín, ẹ ní àwọn arúgbó ló ń lo dígí.

Mo tú idẹ náà, mo yí i, mo dè é padà. Mo fa pọ́ǹpù. Ẹsẹ̀ méjèèjì jọ gòkè, wọ́n sì jọ rọra sọ̀ kalẹ̀. Ó yẹ kí inú mi dùn. Mo sunkún díẹ̀, mo ti ilẹ̀kùn, mo lọ sílé.

Mo kọ́kọ́ pe Bọ̀dá Kàmọ́rù. Wọ́n wá ní kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, pé ẹni tó ti lọ ò lè wí tẹnu ẹ̀ mọ́, pé kí ni yóò ṣe Bàbá Mùlíkà lóore báyìí ju pé kí aráyé máa sọ pé bàbá wa ò mọṣẹ́? Mo lọ bá Màmá níbi tí wọ́n ti ń ṣa ẹ̀wà, mo ro gbogbo ẹ̀. Ọwọ́ wọn ò dúró lára ẹ̀wà. Nígbà tí mo parí, wọ́n ní:

“Ní gbogbo ọjọ́ tí mo fi bá bàbá yín gbé, wọn kì í jẹ́ kí iṣẹ́ tí kò dáa jáde lọ́wọ́ wọn. Èyí ti jáde. Lọ bá wọn gbà á padà.”

Ilé Bàbá Mùlíkà ni mo kọ́kọ́ lọ, láàárọ̀, kí wọ́n tó jáde lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Mo kúnlẹ̀ ní pálọ̀, mo jẹ́wọ́ gbogbo ẹ̀, ọ̀rọ̀ idẹ àti ọ̀rọ̀ ìdí ìkòkò. Wọ́n fi pákò sẹ́nu, wọ́n ń gbọ́ mi. Wọ́n ti darúgbó ju bí mo ṣe rò lọ. Ìyàwó wọn gbé omi fún mi, mi ò lè mu ún. Nígbà tó yá, Bàbá Mùlíkà yọ pákò.

“Èyí tí o kọ́kọ́ gbé wá, ojú ọjà lo ti sọ ọ́. Ṣé inú yàrá lo wá fẹ́ sọ èyí?”

Wọn ò fi ìbínú sọ ọ́. Bí ẹni tó ń bèèrè ibi tí mo fẹ́ kí wọ́n gbé ẹrù sí ni. Wọ́n dìde, wọ́n gun máṣínnì wọn lọ síbi iṣẹ́.

Ọjọ́ mẹ́ta ni ọjà fi kù. Mo tẹ ẹ̀gẹ́, mo yan gaàrí, mi ò mọ ohun tí mò ń ṣe. Ẹ̀rù ń bà mí pé màá dójú tì yín, ẹ̀rù sì ń bà mí pé tí mi ò bá lọ, màá dójú tì yín náà. Kí lẹ̀ bá ní kí n ṣe? Mo rò ó síwá, mo rò ó sẹ́yìn.

Lọ́jọ́ ọjà, mo tú idẹ méjèèjì, mo fi wọ́n sínú àpò, mo gun ọ̀kadà. Iwájú ṣọ́ọ̀bù wọn ò kún tó ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn èèyàn wà níbẹ̀. Àwọn awakọ̀ méjì ń mu omi lábẹ́ igi. Obìnrin kan gbé agbada wá. Mo kúnlẹ̀ sórí eruku irin.

“Ẹ̀yin ará ibí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi. Èmi ni mo wá síbí lọ́jọ́sí, tí mo ní iṣẹ́ ọwọ́ Bàbá Mùlíkà ì bá pa bàbá mi. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bàbá mi ló ṣàṣìṣe. Ọ̀rọ̀ ìkòkò tí mo sọ mọ́ ọn, bàbá mi ò rán mi. Èmi ni mo fi kún un.”

Ọ̀kan nínú àwọn awakọ̀ ní òun ò lóye. Ó ní báwo ni irin ṣe máa sán lójú ibi tí wọ́n jó, tí ẹni tó jó o ò ní jẹ̀bi? Mo yọ idẹ kan nínú àpò. Kí n tó lanu, Bàbá Mùlíkà gbà á lọ́wọ́ mi. Wọ́n fi sẹ́nu, wọ́n fẹ́ ẹ, atẹ́gùn jáde ní òdìkejì. Wọ́n yí i, wọ́n tún fẹ́ ẹ, ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn wú, agbára káká ni atẹ́gùn fi kọjá. Wọ́n nà án sí awakọ̀ náà. Òun náà fẹ́ ẹ, ó yí i, ó tún fẹ́ ẹ. Mo ṣàlàyé bí ẹsẹ̀ ṣe ń já bọ́. Idẹ náà ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn, títí kan obìnrin alágbada, gbogbo wọn ń fi ẹ̀gbẹ́ aṣọ nù ún kí wọ́n tó fẹ́ ẹ. Ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín. Awakọ̀ yẹn wá ní tí èèyàn bá ń fipá gbá ilẹ̀kùn lójoojúmọ́, kò sí ìdè ẹ̀ tí ò ní já. Ó fi ọwọ́ méjèèjì dá idẹ náà padà fún mi, bí ẹni tó ń fúnni ní nǹkan àwo.

Bàbá Mùlíkà ní kí n dìde, pé eruku irin á gé mi lórúnkún.

Lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀ tó tẹ̀lé e, mo wà nílé páànù, mò ń de idẹ padà, mo gbọ́ máṣínnì lábẹ́ igi kaṣú. Wọ́n ti di ẹ̀rọ wọn mọ́ ẹ̀yìn. Wọn ò kí mi ju bí wọ́n ṣe máa ń kí mi tẹ́lẹ̀ lọ. Wọ́n wo ojú ibi tó sán, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ nu ṣọ́ọ̀kì yín kúrò, wọ́n ha á, wọ́n tún un jó. Nígbà tó tutù, mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n gorí àga yín, kí wọ́n fa pọ́ǹpù fúnra wọn. Wọ́n ní rárá, ibi ìjókòó yín ni. Mo tún bẹ̀ wọ́n. Wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n gun ún.

Wọ́n fà á. Ẹsẹ̀ méjèèjì gòkè pọ̀. Wọ́n yí i, méjèèjì rọra sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n tún ṣe é, ó di ẹ̀ẹ̀mẹrin. Wọn ò wo ojú mi nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀.

“Lọ́jọ́ tí bàbá ẹ de nǹkan yìí, èmi ni mo wà nísàlẹ̀ tí mo mú tọ́ọ̀ṣì. Ọ̀dà ò tíì bò ó. Mo rí ọfà méjèèjì, wọn ò kọjú síbì kan náà. Mo rò pé bíi bàtà ni, pé t'òsì ò lè jọ t'ọ̀tún. Òun ló kàwé ẹ̀. Mi ò fẹ́ kó dà bíi pé mò ń kọ́ ọ.”

Wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ nu ọwọ́ pọ́ǹpù.

“Lẹ́yìn tí o wá sí ṣọ́ọ̀bù, mo rántí ẹ̀. Mo ní ẹni tó ní kí n má wá mọ́, kó máa wá a.”

Mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ yẹn ṣe, Bàbá. Ká ní wọ́n sọ ọ́ lọ́jọ́ kìn-ín-ní, ṣé ẹ̀ bá gbọ́? Ká ní mo pè wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lọ́jọ́ ọjà yẹn, tí mo kúnlẹ̀, ṣé ọkàn wọn ì bá rọ̀ débi tí wọ́n á fi ní kí n wálé wá sọ fún yín pé ẹ wo ọfà? Nígbà tí ara yín ò yá, tí ẹ ò lè dìde mọ́, ẹ̀ ń bi mí nípa ẹsẹ̀ òsì bí ẹni tó ń béèrè ọmọ tó wà lájò. Èsì ẹ̀ wà ní Ìdèrè, kò ju ìrìn ọ̀kadà díẹ̀ lọ. Mo gbìyànjú láti pín ẹ̀bi náà. Tí mo bá pín in kan àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tán, ó tún máa ń ṣẹ́kù.

Bọ̀dá Kàmọ́rù wálé fún Iléyá. Mo mú wọn lọ síbẹ̀, mo ní kí wọ́n fa pọ́ǹpù. Wọ́n jókòó lórí àga yín pẹ́. Nígbà tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀, ìgbálẹ̀ ni wọ́n bèèrè. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n gorí òrùlé, wọ́n ń kan páànù tó ń jò. A ò tún sọ̀rọ̀ irin àlòkù. Bàálù náà ò tíì fò, mi ò fẹ́ purọ́ fún yín. Ẹnikẹ́ni nínú wa ò mọ̀ ọ́n wà. Ọ̀rẹ́ yín kan tí ẹ jọ ṣiṣẹ́ l'Ékòó ní òun á wá lọ́yẹ́, pé kí ẹnikẹ́ni má tan ẹ́ńjìnnì títí òun á fi fojú ara òun wò ó. A gbà bẹ́ẹ̀.

Àwọn onítírélà ti ń padà sọ́dọ̀ Bàbá Mùlíkà, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n orúkọ yẹn, Ó-já, kò tíì kúrò lẹ́nu àwọn ọmọ ọjà. Mo gbọ́ ọ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ẹnu mi ló ti jáde, mo sì ti rí i pé mi ò lè pè é padà tán.

Lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀ tó kọjá, nígbà tí a tilẹ̀kùn ilé páànù, Bàbá Mùlíkà ò kọrí sí Ìdèrè. Wọ́n ní ibo lẹ sùn sí. Mo ní ẹ̀yìn ilé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi ọsàn. Wọ́n tẹ̀lé mi wálé. Wọ́n kí Màmá, wọ́n bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n sì dá lọ sẹ́yìn ilé. Èmi àti Màmá dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn ilé ìdáná, a ò sún mọ́ wọn.

Wọ́n pẹ́ níbẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ ṣe àdúà. Lẹ́yìn náà, a rí ọwọ́ wọn tó ń lọ tó ń bọ̀, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe tí ẹ̀yin méjèèjì bá ń jiyàn lórí bó ṣe yẹ kí wọ́n jó irin kan. Wọ́n wá dúró, wọ́n tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìgbà tó yá, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Màmá yí ojú sí mi, mo yí ojú sí wọn. Bàbá Mùlíkà padà wá, wọ́n wọ bàtà, wọ́n mu omi ife kan, wọ́n sì gun máṣínnì wọn lọ. Wọn ò sọ ohun tí wọ́n bá yín sọ. A ò sì bi wọ́n.

Kí lẹ sọ tó pa wọ́n lẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀, Bàbá?

Ẹ sinmi dáadáa.

Èmi ni,
ọmọ yín obìnrin, tí ìfẹ́ yín ò tíì dín lọ́kàn mi.